Ó Yẹ Kí Ẹlẹ́rù Mọ Ibi tí Ẹrù Rẹ̀ Balẹ̀ Sí

Ní ayé àtijọ́, bí ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Warri bá ń retí ìwé pàtàkì láti ilé, ọwọ́ awakọ̀ ni àwọn ará ilé sábà máa ń fi í rán. Kí awakọ̀ náà tó kúrò ní gáréèjì ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìbàdàn, yóò béèrè orúkọ ẹni tí yóò gba ìwé náà, àdúgbò tí onítọ̀hún ń gbé, àti ẹni tí ó lè bá a gbà á bí kò bá sí nílé. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ ju ìwé olówó ìwé sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Effurun kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo, èyíinì ni "Níbo ni kí n gbé e sí?", ni ó ń dáàbò bo ẹrù náà títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà wá. Èsì ìdánwò JAMB, lẹ́tà ìgbaniwọlé sí yunifásítì, lẹ́tà tí ń pe ọmọ sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ìwé NIN, àkọsílẹ̀ owó ní báńkì, àti ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú tí àwọn ará ilé gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n sì yà ní fọ́tò ránṣẹ́: ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Gbígbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni gbogbo ènìyàn ń pè ní dáńlóòdù. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ìbéèrè tí awakọ̀ ayé àtijọ́ kì í gbàgbé ni kọ̀ǹpútà òde òní kì í bi ẹnikẹ́ni, àfi bí ènìyàn bá pàṣẹ fún un pé kí ó máa béèrè.

Búráúsà ni orúkọ ètò inú kọ̀ǹpútà tí ènìyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi Chrome, Firefox àti Edge. Bí Chrome ṣe wà láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é, kì í béèrè ibi tí fáìlì yóò wọ̀. Inú fódà kan tí ń jẹ́ "Downloads" ni ó ń kó gbogbo wọn dà sí. Firefox ní tirẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí ènìyàn fẹ́ fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn fáìlì ṣe, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ tí í ṣe 98 jáde, òun náà ti ń gbé wọn wọ inú fódà náà láìbéèrè. Kí iṣẹ́ lè yá ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ètò yìí kò burú fún ẹni tí ó dá ní kọ̀ǹpútà, tí ó sì gbé e sínú yàrá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bójú mu rárá níbi tí ogún ènìyàn ti lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Warri àti ní Effurun. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Petroleum Training Institute àti yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì wà ní agbègbè Effurun. Akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ń wá ilé ẹ̀kọ́ kò wọ́n níbẹ̀. Òbí tí ń tajà tàbí tí ń ránṣọ, tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé, yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò gbé ìwé náà wálẹ̀, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn yóò san owó, wọn yóò sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Ìwé tí wọ́n mú lọ sílé ni wọ́n rántí. Èyí tí ó kù sínú fódà "Downloads" kò sí lọ́kàn wọn mọ́. Ẹni tí ó bá jókòó tẹ̀lé wọn lè ṣí fódà náà kí ó sì rí gbogbo rẹ̀ ní gbangba.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù so nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ NIN rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ díjíìtì 11. Láti ọdún 2021 sì ni JAMB kò ti gba orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún ìdánwò láìsí NIN. Nígbà tí orúkọ, ọjọ́ ìbí, àwòrán àti NIN ènìyàn bá wà lójú ìwé kan náà, kọ́kọ́rọ́ ilé ni onítọ̀hún gbàgbé sọ́wọ́ àlejò yẹn. Ẹni tí ó ní èrò ibi lè fi í pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó wà nílé, ó ní àwọn ẹbí àti ìjòyè àdúgbò tí yóò jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó wà lájò ni ó ní láti wọkọ̀ padà sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ni òun.

Ìgbàgbọ́ méjì kan wà tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Èkíní ni pé bí ènìyàn bá ti pa orúkọ fáìlì rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ dáńlóòdù tí búráúsà ń fi hàn, fáìlì náà ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pípa àkọsílẹ̀ náà rẹ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn ya ojú ewé kan kúrò nínú ìwé tí onílé ìtọ́jú ẹrù ń kọ orúkọ sí; ẹrù fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Èkejì ni pé ojú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí Chrome ń pè ní "Incognito" kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ojú ewé tí ènìyàn wò, ṣùgbọ́n fáìlì tí ènìyàn bá gbé wálẹ̀ níbẹ̀ yóò wà nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa fèrèsé náà dé. Chrome tìkára rẹ̀ kò sì fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú Chrome, kí ènìyàn tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tí ó wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, kí ó wọ "Settings", kí ó sì wá "Downloads". Yóò rí ibi tí ó lè yan fódà tí ó wù ú, yóò sì rí ìlà kan tí ó kà pé "Ask where to save each file before downloading". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí búráúsà máa béèrè ibi tí yóò gbé fáìlì kọ̀ọ̀kan sí kí ó tó gbé e wálẹ̀. Kí ó tan án. Nínú Firefox, "Always ask you where to save files" ni wọ́n pè é. Nínú Edge, "Ask me what to do with each download" ni. Chrome tí ó wà lórí fóònù Android náà ní tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìbéèrè awakọ̀ ti padà dé. Ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè yan fíláàṣì ara rẹ̀, kí fáìlì má tilẹ̀ wọ inú fódà gbogbogbòò rárá.

Àwọn kan yóò sọ pé ìbéèrè náà yóò máa dí àwọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn kò bá fẹ́ kí ó bàjẹ́, ojú ni í fi í tó o. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àwọn onísọ́ọ̀bù kan kò fẹ́ fíláàṣì nítorí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé wọlé. Ẹ̀rù wọn tọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí oníbàárà tẹ ìwé rẹ̀ tán, kí ó pa fáìlì náà rẹ́ nínú fódà "Downloads", kí ó sì tú "Recycle Bin" dànù kí ó tó dìde, nítorí ibẹ̀ ni fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ ń sá pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó ń lo fóònù tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí fáìlì wọ̀ yóò tún un gbé wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, títí Chrome yóò fi máa kọ (1) àti (2) mọ́ orúkọ kan náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Ìdí kò sì sí tí ènìyàn yóò fi ra ohun tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun kan bàjẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n gógó, ẹni tí ó mọ ibi tí fáìlì rẹ̀ wà ni ó rí i lò.

Síbẹ̀, kò yẹ kí gbogbo ẹrù náà wà lórí oníbàárà nìkan. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ti sọ ọ́ di ojúṣe àwọn tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba ọwọ́ wọn kọjá pé kí wọ́n pa á mọ́. Onísọ́ọ̀bù tí ó bá fẹ́ orúkọ rere yóò tan ìbéèrè náà sílẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì gbá fódà "Downloads" mọ́ ní alaalẹ́ bí ó ti ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Warri àti ní àwọn ìlú mìíràn tí ó jìnnà sílé náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ìpàdé oṣooṣù tí wọ́n fi ń dáwó fún òkú àti ìkómọ lè fi ìdá mẹ́rin wákàtí kan kọ́ àwọn òbí ní ohun tí àwọn ọmọ wọn ti lè mọ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Fódà tí ó ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà olóko-owó ni ẹnu ògiri náà. Ìbéèrè kékeré kan ni ó lè dí i, olúkúlùkù ni ó sì lè tan án lónìí kí ó tó gbé fáìlì mìíràn wálẹ̀.