Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ohun-Èlò Lórúkọ

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá kì í ṣe kékeré. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn gbangba pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984 ni ìwé kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde. Ìwé kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀lé e ní 1990. Àwọn ìwé wọ̀nyí ti gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ́wọ́ ìnira nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọwọ́ wa kò tí ì kàn dáadáa, ibẹ̀ náà sì ni inú ilé. Ọmọ ilé-ìwé lè mọ orúkọ àwọn ẹ̀yà òdòdó ní Yorùbá, kí ìyá rẹ̀ má sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bi òǹtajà bátìrì ní ìbéèrè tí ó yè kooro. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ti bo nǹkan méjì mọ́lẹ̀, tí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn sì lè pàdánù owó tàbí ẹ̀mí rẹ̀, ibẹ̀ ni ó yẹ kí olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ: iná, èéfín àti gáàsì.

2. Iná

Iná ni a fi ń se oúnjẹ, iná ni a ń tàn sí yàrá, iná kan náà sì ni a ń sanwó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mànàmáná. Èyí kò ní àbùkù nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, nítorí pé àyíká ọ̀rọ̀ a máa ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ra ohun-èlò.

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ra pánẹ́ẹ̀lì tí ń gba iná lára oòrùn nísinsìnyí, pẹ̀lú bátìrì tí ń tọ́jú iná náà àti ínfátà tí ń yí i padà sí irú èyí tí àwọn ẹ̀rọ ilé ń lò. Oníbàárà a máa bèèrè pé, ‘Ṣé yóò gbé fìríìjì àti áyọ́ọ̀nù mi?’ Òǹtajà a sì dáhùn pé yóò gbé e. Ọ̀rọ̀ náà, gbé, ti bo ìbéèrè méjì mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé, báwo ni iná tí ohun-èlò náà ń fà lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó? Èkejì ni pé, iná mélòó ni yóò jẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Ẹ fi omi wé e. Bí ẹ̀rọ omi ṣe ń tú jáde kíkankíkan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Iye garawa tí a pọn láti àárọ̀ di alẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí ń fa 1000 wáàtì, tí a fi lọ aṣọ fún ìdajì wákàtí, yóò jẹ 500 wáàtì-wákàtí. Fìríìjì tí ń fa 100 wáàtì, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 nínú ọjọ́ kan, yóò jẹ 1000 wáàtì-wákàtí, èyí tí mítà ń kà sí yúnìtì kan. Áyọ́ọ̀nù fa ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí fìríìjì fà. Síbẹ̀, ìdajì ohun tí fìríìjì jẹ ni ó jẹ. Nítorí náà, ínfátà tí agbára rẹ̀ kò ju 800 wáàtì lọ kò lè gbé áyọ́ọ̀nù yìí, bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ kún dẹ́nu. Ó lè gbé fìríìjì, ṣùgbọ́n bátìrì ni yóò sọ iye wákàtí tí yóò fi gbé e. Bátìrì fóòtì 12 tí a kọ áḿpíà-wákàtí 100 sí lára ní 1200 wáàtì-wákàtí nínú. Bí ó bá sì jẹ́ bátìrì olójé, a kì í lò ó kọjá nǹkan bí ìdajì kí ó má baà tètè bàjẹ́. 600 péré ni ó kù fún wa. Fìríìjì wa kò ní fi í rí ọjọ́ kan já.

Àbá wa ni pé kí a pe èkíní ní ìfaná, kí a sì máa fi wáàtì wọ̀n ọ́n. Kí a pe èkejì ní ìjẹná, kí a sì máa fi wáàtì-wákàtí tàbí yúnìtì wọ̀n ọ́n. A kò lọ jìnnà kí a tó rí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Gbogbo ará ilé ni ó ń sọ pé ohun-èlò kan ń fa iná tàbí pé ó ń jẹ iná. Wọ́n kàn ń lo méjèèjì fún ara wọn ni. Iṣẹ́ tiwa ni láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀. A kò yan agbára, nítorí pé ẹrù tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù: òun ni agbára ọba, òun ni agbára apá, òun náà sì ni a ń lò nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a gbé owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà ẹgbẹ́ A láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí náírà 225. Ẹni tí kò mọ ìjẹná ohun-èlò rẹ̀ yóò kàn máa pa gílóòbù kéékèèké ni, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń jẹ ẹ́ lówó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lóru.

3. Èéfín

Owó ni ọ̀rọ̀ iná. Ẹ̀mí ni ti èéfín. Lọ́pọ̀ ìgbà ni a ń gbọ́ pé ìdílé kan sùn tí wọn kò jí mọ́, nítorí pé ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Ohun tí ìròyìn máa ń sọ ni pé èéfín ni ó pa wọ́n. Nínú gbólóhùn yìí ni ewu wà.

Ní èdè wa, èéfín jẹ́ ohun tí a ń fojú rí, tí ń ta ojú, tí ń rùn sí imú. Àwọn àgbà tilẹ̀ ń sọ pé èéfín nìwà, nítorí pé kò ṣé e fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù mónọ́síàìdì, tí ó ń pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí, fi ara pamọ́ pátápátá. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn. Ó ń jáde níbikíbi tí epo, igi tàbí èédú kò bá ti jó tán pérépéré. Ohun tí ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa a máa dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ó ti ń dì mọ́ ọ́síjìn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, èyí tí ó rọrùn láti kà sí ibà. Ẹni tí ó bá sì ti sùn kò ní mọ àmì kankan.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà, èéfín, ń kọ́ onílé. Ó rí i pé ẹ̀rọ amúnáwá òun jẹ́ tuntun, kò rú èéfín. Ó gbé e wọlé nítorí olè. Ó rí i pé èédú ti di ẹyín iná pupa, èéfín rẹ̀ ti tán. Ó gbé ìkòkò iná wọ yàrá nítorí òtútù. Nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi kìlọ̀ fún un, kò ṣàìgbọràn rárá.

A kọ́kọ́ ronú láti tẹ̀lé ìlànà asọ̀rọ̀mágbèsì, kí a sì pe afẹ́fẹ́ yìí ní apanimárùn, èyí ni ohun tí ń pani tí kì í rùn. Ṣùgbọ́n etí yóò gbọ́ márùn-ún nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àbá wa ni májèlé àìrí. Kí kábọ́ọ̀nù mónọ́síàìdì wà fún kíláàsì kẹ́mísírì. Kí májèlé àìrí wà fún rédíò, fún ilé ìwòsàn àti fún ara ẹ̀rọ amúnáwá. Gbólóhùn ìkìlọ̀ yóò wá rí báyìí: ‘Májèlé àìrí ń jáde nínú ẹ̀rọ yìí. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.’

4. Gáàsì

Láti 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ti ń ronú láti yí ọkọ̀ wọn padà sí èyí tí ń lo gáàsì. Gáàsì náà ni ìyàwó ilé sì fi ń se ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí ó wà nínú sílíńdà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tí a fi ń dáná, própéènì àti bùtéènì ni. A ti sọ ọ́ di omi nínú sílíńdà, ìtẹ̀ inú rẹ̀ kì í sábà ju ìlọ́po 10 ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ àyíká wa lọ ní ojú ọjọ́ tiwa. Èyí tí a ń rọ sí ọkọ̀, mítéènì ni. Kò di omi, a kàn fún un pọ̀ ni, títí ìtẹ̀ rẹ̀ fi tó nǹkan bí ìlọ́po 200. Ẹni tí ó bá gbé sílíńdà ìdáná sínú ọkọ̀ fún irú gáàsì kejì yìí ti gbé àdó olóró rìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú ní ilé-epo kan ní ìlú Benin ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó bí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i. Àwọn aláṣẹ sọ pé sílíńdà náà kì í ṣe irú èyí tí a fọwọ́ sí fún iṣẹ́ náà. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà. Bí gáàsì ìdáná bá ń jò, ilẹ̀ ni í wọ́ sí, nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Mítéènì a máa gòkè.

Gáàsì ìdáná ti fìdí múlẹ̀. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni kí a máa pè ní gáàsì àfúnpọ̀. Gáàsì ọkọ̀ kò tó, nítorí pé ìlò ni ó sọ, kò sọ ìwà, àwọn ọkọ̀ kan sì wà láyé tí ń lo irú èkíní. Ẹni tí ó bá gbọ́ àfúnpọ̀ ti mọ̀ pé ohun tí a fún pọ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde.

5. Ohun tí àwọn mìíràn lè wí

Àwọn kan lè wí pé ará ìlú kò nílò olùkọ́ kí wọ́n tó sọ nǹkan lórúkọ. Wọ́n ti sọ bọ́lẹ̀kájà, wọ́n sì ti sọ kẹ̀kẹ́ Marwa. Òótọ́ ni, a sì ń kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìdí tí a fi ń pe ọkọ̀ kan ní bọ́lẹ̀kájà yóò wọ̀ ọ́ dé ibi tí ó ń lọ láìsí ewu. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún èéfín àti gáàsì.

Àwọn mìíràn lè ní kí a kúkú lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Wáàtì, bátìrì àti sílíńdà ti di tiwa. Ìdàpọ̀ ìtumọ̀ ni a ń bá jà, gáàsì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ àyálò náà lè da nǹkan méjì pọ̀.

6. Àgbálọgbábọ̀

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni a fi yan àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá. Èkíní, ṣé òǹtajà àti oníbàárà lè sọ ọ́ láìkólòlò? Èkejì, ṣé ó ya ohun tí ó yẹ ní yíyà sọ́tọ̀? Ẹ̀kẹta, ṣé ó sọ ìwà ohun náà, kì í ṣe ìlò rẹ̀ nìkan? Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju tiwa lọ nípa òṣùwọ̀n wọ̀nyí, kí ó mú un wá. A ó fi tayọ̀tayọ̀ ju tiwa nù.

Ní báyìí ná, kí olùkọ́ fi mítà ilé ṣe iṣẹ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ. Kí atúmọ̀ èdè tí ó bá rí ìkìlọ̀ lára ẹ̀rọ má ṣe kọ èéfín mọ́ nígbà tí májèlé àìrí ni ó yẹ kí ó kọ. Kí ìwé-àtìgbàdégbà yìí sì máa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ inú ilé nínú ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun-èlò ti wọlé ná, a sì ti ń bá a sùn. Ó yẹ kí a mọ orúkọ tí ó ń jẹ́.