Ta Ló Gbé Ọmọ Náà Wá?

A kì í jẹ́ kí ọmọ ẹbí sùn síta. Ní Woolwich àti Thamesmead ní London, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, ìyá àgbà lè ṣílẹ̀kùn lọ́gànjọ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn ní pálọ̀, kó má tilẹ̀ béèrè ìgbà tí wọn yóò lọ. Ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kó di ọjọ́ kejì: ta ló gbé àwọn ọmọ yìí wá, ṣé òbí wọn ni àbí kánsù? Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ bóyá ìyá àgbà nìkan ni yóò máa gbọ́ bùkátà wọn.

Bí òbí bá fúnra rẹ̀ gbé ọmọ wá, ètò inú ẹbí ni lójú òfin; kánsù lè ṣèrànwọ́, kò di dandan. Bó bá jẹ́ àwọn sóṣà, ìyẹn òṣìṣẹ́ kánsù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ, ló pe ìyá àgbà pé kó gba ọmọ nítorí kò lè dúró sílé mọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún 2007, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ lórí kánsù Southwark pé kánsù tó kó ipa pàtàkì nínú gbígbé ọmọ fún èèyàn kò lè wá sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, àfi bó bá ti là á mọ́lẹ̀ fún alágbàtọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ òbí ni kó ti retí owó, tíyẹn sì gbà. Nítorí náà, kí ìyá àgbà kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó pè é sílẹ̀, aago tó pè, àti ohun tó sọ, kó sì fi í ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ náà lórí íméèlì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́tà kékeré yẹn wúlò ju ẹkún ọdún mẹ́ta lọ.

Àwọn kan á ní, “Ṣé ọmọ ọmọ mi ni n ó wá máa fi gbowó?” Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ ti ọmọ lowó tí kánsù bá san: bàtà ilé-ìwé, kóòtù òtútù, oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún wà níbẹ̀: ìyá àgbà tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò lè fi ọmọ ọdún mẹ́rin nìkan sílé. Òṣìṣẹ́ tó gba ọmọ ṣọmọ lábẹ́ òfin lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 52. Ìbátan alágbàtọ́ kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2021 sì rí ọmọ tó lé ní 120,000 lọ́dọ̀ ìbátan ní England. Ìwà ìrẹ́jẹ ni kí ìjọba máa yìn wọ́n lẹ́nu, kí iṣẹ́ sì máa bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó tún lágbára ju ìtìjú owó yẹn lọ ni ẹ̀rù pé bí àwọn sóṣà bá gbọ́, wọn á gba ọmọ lọ. N kò ní sọ pé ẹ̀rù náà kò nídìí. Àmọ́ ìdákẹ́ gan-an lè di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ẹbí tiwa gbòòrò ju ti òfin lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí à ń pè ní àǹtí, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà, kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ lójú òfin. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá gbé lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ọjọ́ 28, dandan ni kí kánsù mọ̀.

Bí ọmọ bá máa pẹ́, ìwé ilé-ẹjọ́ yá. Láìsí i, bí dókítà bá ní kí wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ, wọn á máa wá ìyá tí fóònù rẹ̀ ti kú. Àṣẹ ilé-ẹjọ́ tó ń jẹ́ special guardianship, tó bẹ̀rẹ̀ ní December 2005, ń fún alágbàtọ́ láṣẹ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18, láì sọ ìyá tó bí i di àjèjì bí ìgbàṣọmọ ṣe ń ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi bá ìṣe wa mu. Àmọ́ kí ìyá àgbà má sáré gbà á. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ kánsù kí àṣẹ yẹn tó jáde ló ní ẹ̀tọ́ pé kí kánsù yẹ ohun tí òun àti alágbàtọ́ nílò wò. Ẹni tí wọ́n ti kà sí ètò inú ẹbí, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀.