Dín In Kù, Má Ṣe Pa Á Tì

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwọn ọ̀dọ́ tí nǹkan rere ń ya lù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ bá jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í pẹ́ tí ohun gbogbo fi ń dé bí òjò. Ìwé ẹ̀rí dé, iṣẹ́ dé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní kí ó wá gba ipò, àwọn òbí sì ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ó mú ẹni tí yóò fẹ́ wálé. Ìbùkún ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kò ju ọjọ́ kan lọ, Ọlọ́run kì í sì í fi wákàtí kún un nítorí pé a fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ohun tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ nù ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò bèèrè nóòtì ẹ̀kọ́. Olórí akọrin yóò bèèrè ẹni tí kò wá sí ìdánrawò. Àna yóò bèèrè ọjọ́ ìdána. Ta ni yóò bèèrè ìwé tí o ń kọ fún ara rẹ lálẹ́? Kò sí.

Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ní Kémta níhìn-ín fi irú ọ̀ràn yìí lọ̀ mí láìpẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ó ti rí iṣẹ́ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ẹbí méjèèjì sì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ti ní ìwé kan tí ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lóòjọ́ sí, àti ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ àgbà, tí í ṣe aláró, ń sọ fún un nípa àdìrẹ. Mo ka díẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ bí a ti ń fi ìko di aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀, bí a ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí ara aṣọ, ìdí tí a fi ń pe àwòrán kan ní Ìbàdàndùn, tí a sì ń pe òmíràn ní Olókun.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní ìyàwó tí ń kọ̀wé lálẹ́ kò ní ráyè dáná. Ṣé kí n dì í sínú àpótí títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá?”

Mo ní, “Àbúrò mi, ìgbéyàwó kì í kọjá. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni oyún, lẹ́yìn oyún ni ọmọ, lẹ́yìn ọmọ ni owó ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mélòó sì ni ìyá àgbà?” Ó ní wọ́n ti lé ní ọgọ́rin.

Ẹ̀yin ará ọjà Ìtòkú mọ ohun tí mo ń wí. Aṣọ púpọ̀ ni a ń tà lónìí tí ẹni tí ń tà á kò mọ ohun tí àwòrán rẹ̀ ń jẹ́. Bí àgbà bá lọ tán, ta ni a ó tún bi?

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí kò lè kọ ohun gidi. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọkùnrin kan tí ó kàwé ní ìlú wa yìí. Ní 1853, àwọn CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti kọ́ àwọn tí yóò ṣe tíṣà àti oníwàásù. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ó kó lọ sí Èkó nígbà Ìfọ́lé 1867, tí ó sì dé Ọ̀yọ́ ní 1896, tí ó wá di St. Andrew's College. Samuel Johnson wọlé síbẹ̀ ní 1863, ó jáde ní 1865, ó sì di tíṣà ní Ìbàdàn ní 1866, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó kọ́ ọmọdé, ó wàásù, wọ́n fi í ṣe díákónì ní 1880, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1881. Ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni Aláàfin Adéyẹmí fi ìwé rán sí Gómìnà ní Èkó pé kí wọn wá bá òun parí ogun. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ni a rán lọ sí ibùdó ogun láti sọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Síbẹ̀ ó ń kọ. Ó bi àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó bi baba àgbà David Kúkọ̀mí ní ìjọ Ìbàdàn, ó bi Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ó lé ní 20 ọdún kí iṣẹ́ náà tó parí ní 1897.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó, ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Àwọn nóòtì àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí ó ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi apá kan ránṣẹ́ nígbà ogun àgbáyé kìíní, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e, Appam, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1921 kí The History of the Yorubas tó jáde. Bí ó bá jẹ́ pé Johnson ti ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dilẹ̀, kí ni àbúrò rẹ̀ ì bá rí kó jọ?

Bí ẹ bá ní ìyẹn ti pẹ́ jù, ẹ wo D. O. Fágúnwà. Ó jáde ní St. Andrew's ní 1929, ó ń kọ́ni níbẹ̀ láti 1930. Iṣẹ́ tíṣà ni ó ń jẹ nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje 1936, tí ó sì jáde ní 1938.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo fún ọmọbìnrin yìí ni mo fún ẹ̀yin náà: dín in kù, má ṣe pa á tì.

Èkíní, ya àkókò kékeré sọ́tọ̀, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí agbára kò bá gbé odindi ojú ewé, kọ ìlà márùn-ún, kí o sì kọ déètì sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èkejì, má ṣe jí àkókò ẹlòmíràn fún un. Tíṣà tí ó fún kíláàsì ní iṣẹ́ kí ó lè ráyè kọ ìwé tirẹ̀, olè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkókò àdúrà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìgbéraga ni kí ènìyàn máa kọ ìtàn ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àjàyí Crowther kọ ìwé ìrántí ìrìn àjò rẹ̀ lórí odò Ọya ní 1841, kò sì dí i lọ́wọ́ àtijoyè àlùfáà ní 1843.

Ẹ̀kẹta, má ṣe fi pamọ́ fún ẹni tí o fẹ́ fẹ́. Kà á sí i létí. Bí ó bá fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà, ó sàn kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ru iṣu àti oyin ìdána wọlé. Ní ti ìyá ọkọ, kì í ṣe ìwé ni ó ń bínú sí, ebi ọmọ rẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù. Tètè se ọbẹ̀, kí o wá jókòó tì í, kí o bi í ní ìtàn ìgbà èwe tirẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀kẹrin, má ṣe kọ àṣírí ẹlòmíràn síbẹ̀, má sì jẹ́ kí ó wà níbì kan ṣoṣo. Lónìí fóònù wà. Ya àwòrán ojú ewé náà, kí o fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an, jẹ́ kí ìwé sinmi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ ọjọ́ tí o ó tún ṣí i. Iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀, ìjọba yóò rí ẹlòmíràn fi sípò rẹ. Àyè rẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹlòmíràn yóò dúró síbẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ àgbà sọ fún ìwọ nìkan, bí o kò bá kọ ọ́, a kò ní rí ẹni tí yóò bá ọ kọ ọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá wa sí.