Orúkọ Tí Kò Sí, Ẹ Jẹ́ Kí A Sọ Pé Kò Sí

Abéèrè kì í ṣìnà, bí ẹni tí ó bi léèrè bá sọ òótọ́ fún un. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, DNS ni a ń bi léèrè: òun ni ó ń sọ orúkọ tí a tẹ̀ di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí orúkọ náà kò bá sí, ó yẹ kí ó dáhùn pé kò sí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ VeriSign ní Amẹ́ríkà, tí ó ń bójú tó orúkọ tí ó parí sí .com àti .net, yí ìdáhùn yìí padà. Ẹni tí ó bá ṣi orúkọ kọ, ojú-ìwé VeriSign fúnra rẹ̀ ni yóò bá. Àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ lẹ́tà tí orúkọ orírun rẹ̀ kò sí kò wá lè dá ayédèrú mọ̀ mọ́, nítorí gbogbo orúkọ ti di èyí tí ó wà. Àjọ ICANN pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, wọ́n dá a dúró.

Àwọn tí ó ṣe BIND, ètò DNS tí ọ̀pọ̀ ń lò, kò dúró de àṣẹ. Wọ́n tún ètò wọn ṣe kí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè padà di "kò sí." Wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láti yọ àwọn kan sọ́tọ̀, bí .museum, tí ìdáhùn tirẹ̀ bá ìlànà ara rẹ̀ mu.

Lónìí, BIND kan náà lè darí orúkọ tí kò sí síbi tí alábòójútó bá fẹ́. Wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ ni fún ẹni tí ó ṣi lẹ́tà kọ. N kò gbà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ń kọ́ ẹ̀kọ́ nínú àṣìṣe rẹ̀. Bí a bá fi ojú-ìwé ìpolówó bò ó, kò ní mọ̀ pé òun ṣì í kọ.

Bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ darí rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, kí ó yọ ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà sọ́tọ̀, kí ó yọ àwọn tí kò gbà sọ́tọ̀, kí ó má sì fọwọ́ kan ìdáhùn tí a ti fi DNSSEC fọwọ́ sí. BIND pàápàá kì í yí ìyẹn padà fún ẹni tí ó bá béèrè ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bọ̀wọ̀ fún, ó yẹ kí ènìyàn náà bọ̀wọ̀ fún un.