Super Eagles: Kóòṣì ló jẹ̀bi ni, àbí àwọn agbábọ́ọ̀lù?

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, yóò gbọ́ àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù. Apá kan á ní kóòṣì ni kò mọṣẹ́. Apá kejì á ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń fi orúkọ ṣeré. Láti ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, tí Congo Kinshasa ti fi pẹnáritì lé Nàìjíríà kúrò lọ́nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, ẹjọ́ náà kò tíì parí.

Ká sòótọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú kẹta ni Frank Onyeka ti gbá góòlù wọlé ní Rabat, wọn kò sì lè ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní South Africa lọ́dún 2010. Nàìjíríà ti fi góòlù kan ṣíwájú Greece kí Sani Kaita tó lọ fẹ́ ta Torosidis nípàá, tí wọ́n sì lé e jáde. Torosidis yẹn náà ló gbá góòlù tí Greece fi borí. Kò sí kóòṣì tó rán Kaita níṣẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n Rabat kọ́ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, méjì lábẹ́ José Peseiro lọ́dún 2023, méjì lábẹ́ Finidi George lóṣù kẹfà, ọdún 2024, Nàìjíríà kò borí ẹyọ kan. Àmì mẹ́ta péré ni wọ́n rí nínú méjìlá. Èyí tó dunni jù ni ti Benin, tó fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí, nítorí kóòṣì Benin ni Gernot Rohr, ẹni tí àjọ NFF lé lọ́dún 2021 lẹ́yìn ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́!

Éric Chelle dé lóṣù kìíní, ọdún 2025, kò sì pàdánù ọ̀kankan nínú mẹ́fà tó kù. Lóòótọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sùn lọ ní Uyo, Zimbabwe sì dá góòlù padà ní ìṣẹ́jú 90. Síbẹ̀, gbèsè tí ẹlòmíì jẹ ló ń san.

Àwọn àgbà kò ní í gbàgbé Amodu Shaibu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú Nàìjíríà yege fún Ife Àgbáyé, ti 2002 àti ti 2010. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló gba ipò kẹta nílẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sí ìdíje. Adégbóyè Onígbìndé ló rọ́pò rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, Lars Lagerbäck, òyìnbó Sweden, lẹ́ẹ̀kejì. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n mú bọ̀ nígbà méjèèjì. Agbábọ́ọ̀lù wo ló fọwọ́ sí ìwé yẹn?

Ní Rabat pàápàá, ọjọ́ méjì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Gabon, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti gbáradì nítorí owó tí wọn kò rí gbà. Kóòṣì kọ́ ló jẹ wọ́n lówó. Àwọn tó jẹ wọ́n wà ní Àbújá, orúkọ wọn ni kò sì tíì jáde nínú àríyànjiyàn Ladi-Lak.