Ìlera ni Oògùn Ọrọ̀

Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí kò mọ ìyà tí sòbìà fi jẹ àgbẹ̀? A máa dá géńdé dùbúlẹ̀ nígbà ìkórè, igbó a sì gba oko. Ní 1988, àwọn tí ó mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn. Síbẹ̀, lẹ́yìn 2008 a kò rí i mọ́. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Kí ni ó lé e lọ? Òótọ́ ni pé ìjọba gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n aṣọ asẹ́ tí a ń tẹ́ sẹ́nu ìkòkò lójoojúmọ́, àti ìkìlọ̀ pé ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ odò apọnmi, ọwọ́ àwa fúnra wa ni wọ́n wà.

Ẹ̀yin ará, a kò ní dákẹ́ bíbéèrè omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ẹ jẹ́ kí a máa se omi mímu, kí a máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí a tó jẹun, kí a sì máa bo ṣálángá, nítorí àrùn onígbáméjì kò tíì lọ. Òmìnira tí kò dé ìdí ìkòkò omi wa kò tíì pé.