Àánú Tí Ń Dí Aláìsàn Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ìyá wa ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, bí rọpárọsẹ̀ bá dá ẹni yín dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àwọn olùtọ́jú a máa fún un ní máàkì. Ìwọ̀n Barthel, tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1965, ń wo nǹkan 10, bí i jíjẹun, wíwẹ̀, wíwọṣọ àti rírìn. 100 ni òpin rẹ̀. Ohun tí aláìsàn ń fúnra rẹ̀ ṣe ni a ń kà. Nítorí náà, bí olùtọ́jú bá ti gbà á láyè láti jẹun, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè dé ẹnu, ẹ má ṣe bọ́ ọ. Ẹ má sì fi ìtìjú bo ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Máàkì kékeré kì í ṣe ẹ̀gàn. Bí a bá parọ́ sí i, ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ kò ní dé.